Nọ́ọ̀sì Kì Í Ṣe Agbowó-òde

Ọmọ Ìdáàṣà ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Bamako, ní orílẹ̀-èdè Mali. Wọ́n ní kí aláìsàn máa dá díẹ̀ nínú owó oògùn, kí a fi ra òmíràn. Oògùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwa nọ́ọ̀sì la di agbowó. Aboyún á ti orí òkè sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ òfo; ọkàn mi á ní kí n tọ́jú rẹ̀, òfin á ní kó kọ́kọ́ sanwó. Bí a sì ti ń gbowó yìí, ní 1989, ìjọba Ààrẹ Kérékou kò rí owó oṣù wa san mọ́. Ọdún 2009 ni iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí tó di ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ gba ìwé ìgbowó lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.