Jùjú: Orin tí a Bí ní Ṣọ́ọ̀bù Mẹkáníìkì



Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan ni ó bi mí ní ìbéèrè tí ó bí àròkọ yìí. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ kan wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń múra bí ará ayé ìgbà tí ó wà láàrin ogun àgbáyé méjèèjì, ìyẹn 1918 sí 1939. Wọn a wọ kóòtù àti fìlà ìgbà náà, wọn a de awò awakọ̀ òfuurufú mọ́jú, wọn a sì máa jó sí orin jáàsì àtijọ́ tí a fi kọ̀ǹpútà tún lù. Ọjọ́ iwájú tí àwọn ará ìgbà náà lálàá rẹ̀, tí kò sì ṣẹ, ni wọ́n ń fi ara ṣeré. Dieselpunk ni wọ́n ń pè é, nítorí epo dísù tí ń gbé ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́. Ọmọ náà wá béèrè pé ǹjẹ́ a ní irú rẹ̀ ní Èkó?

Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí àwọn wọ̀nyẹn ń fi àròsọ ṣe, ojú Èkó rí i ní tòótọ́.

Ní Olówógbowó, àdúgbò àwọn Sàró ní Erékùṣù Èkó, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan wà ní àwọn ọdún 1920 tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń pé jọ sí. Wọn a mu ọtí, wọn a tàkúrọ̀sọ, wọn a sì kọrin. Ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà ni wọ́n fi ń ṣe ìlù. Láàrin wọn ni Abdulrafiu Babátúndé King wà, ẹni tí a bí ní ọdún 1910, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Túndé King. Òun ni ó di aṣáájú wọn. Ní ọdún 1936, ó kọrin sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone. Ẹ fojú inú wò ó ná: ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ohun ìgbàlódé jù lọ nígbà náà, ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ sì ni a ti gbọ́ jùjú!

Ẹ má ṣe rò pé orin arúgbó ni nígbà náà. Bánjò ti òkè òkun dé. Támbúrínì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ Salvation Army, tí wọ́n dé Èkó ní 1920. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ ti ilé. Ní 1935 ni àpótí tí ń gbé ìròyìn wọ inú ilé dé sí Èkó, tí àwọn baba wa sì fún un ní orúkọ tí ó dùn mọ́ mi nínú jù lọ: asọ̀rọ̀mágbèsì.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sí oko tèmi. Níbo ni orúkọ náà, jùjú, ti wá? Àwọn kan ní orúkọ ẹ̀gàn tí òyìnbó fi ń pe òògùn àti òrìṣà wa ni. Àwọn mìíràn ní onítámbúrínì Túndé King máa ń ju ìlù rẹ̀ sókè, a sì há a, pé láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe jù ni orúkọ náà ti jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá pe jù lẹ́ẹ̀mejì, jùjù ni a ó rí. Ibo ni ohùn òkè ti wá? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa gba arọ́pò-orúkọ olóhùn òkè ní ipò àbọ̀: lù ú, kọ̀ ọ́, jù ú. Bí èrò bá ń pariwo "Jù ú! Jù ú!" bí ìlù náà ti ń gòkè, kò jìnnà sí jùjú mọ́. Àbá ni mo dá o, n kò búra.

Ó kù kí n sọ bí ó ṣe kan àwa ará Mainland. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri jà ní Èkó láti 1924 títí di 1930. Ìjọba amúnisìn dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, wọ́n sì la òpópónà tuntun ní Yábà. Yábà fúnra rẹ̀ jẹ́ àlá ọjọ́ iwájú nígbà náà! Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n tún wó ilé ní Erékùṣù, wọ́n sì kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí ó jó sí orin yẹn fi àdúgbò rẹ̀ sílẹ̀ báyìí.

Lónìí, ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ kóòtù elẹ́jìká gbòòrò, ọjà Yábà ni yóò gbà lọ láti ra òkìríkà. N kò bá a wí. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ohùn Túndé King náà ti di òkìríkà. Ilé-iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà ni ó tún kó àwọn orin jùjú àtijọ́ jọ sínú àwo ní 1985. Ti Domingo Justus, ọmọ Èkó tí ó kọrin sínú àwo ní 1928, ilé-iṣẹ́ Heritage ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tún un gbé jáde. A ń ra ohùn ara wa padà.

Díẹ̀ kù o. Ẹgbẹ́ Fàájì Àgbà kó àwọn àgbà olórin jọ, Fàtáì Rolling Dollar tí ó di olóògbé ní 2013 wà níbẹ̀, Ṣínà, ọmọ Àyìndé Bákàrè, náà wà níbẹ̀. Rẹ̀mí Vaughan-Richards ṣe fíìmù nípa wọn ní 2015. Ẹ wá a wò.

Bí ẹ bá sì rí àwo dúdú wíwúwo kan nínú àpótí ìyá yín àgbà, irú èyí tí ń fọ́ bí abọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bo ìkòkò. Ẹ da orúkọ akọrin, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti nọ́ńbà tí ó wà láàrin rẹ̀ kọ, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi.