Ta Ní Ń Yan Ìwé Orí Pẹpẹ? Ìtàn Ilé-Ìkàwé Gbogbogbòò ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Pẹpẹ tí òwe yìí ń sọ kì í ṣe pẹpẹ ìwé, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní Ara, lẹ́bàá Ẹdẹ, lọ sí ilé-ìkàwé kan láti yá ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan. Ìwé pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n rí ìwé ìtọ́jú ọgbà òdòdó ní ilẹ̀ olótùútù àti ìwé òfin owó-orí ilẹ̀ òkèèrè tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Méjì péré ni ìwé Yorùbá, ọ̀kan kò sì ní èèpo ẹ̀yìn mọ́. Ọmọ kan bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ní yan àwọn ìwé yìí fún wa?" Àròkọ yìí ni ìdáhùn mi.

Kí ilé-ìkàwé gbogbogbòò tó gbilẹ̀, ẹni tí ó bá lówó ìwé lọ́wọ́ ni ó ń yan ìwé. Henry Carr, ọ̀mọ̀wé ará Èkó, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé jọ sínú ilé rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1945, ìjọba ra ìwé náà, wọ́n sì di ara ìpìlẹ̀ ilé-ìkàwé Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tí a dá sílẹ̀ ní 1948. Ní 1932, a ṣí Lagos Library ní Èkó pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Carnegie Corporation ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá san owó ẹgbẹ́ nìkan ni ó lè yá ìwé níbẹ̀, àwọn òyìnbó ni ó sì pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́. Ẹni tí ó lẹrú ni ó lẹrù. Ohun tí àwọn tí ń sanwó fẹ́ kà ni a ń rà.

Ọdún 1953 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ọdún náà, UNESCO pe ìpàdé lórí ìdàgbàsókè ilé-ìkàwé gbogbogbòò ní Áfíríkà, Ìbàdàn ni wọ́n sì ti ṣe é. Lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò ni ọ̀nà tí a ó fi rí ìwé àti ohun èlò àfetígbọ́ òun àfojúrí tí ó bá àwọn ènìyàn Áfíríkà mu. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ṣe òfin ilé-ìkàwé ní 1955, UNESCO sì fi Enugu ṣe ibi àwòkọ́ṣe, bí ó ti ṣe ní Delhi àti Medellín. Ní Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn ni a fi ilé-ìkàwé sí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ lè béèrè owó ìwé lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀ka lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ dúró de ohun tí ó bá ṣẹ́kù.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da ilé-ìkàwé gbogbogbòò pọ̀ mọ́ Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀ Orílẹ̀-Èdè, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1964. Òfin 1970 pa á láṣẹ pé kí olùtẹ̀wé fi ẹ̀dà mẹ́ta nínú ìwé tí ó bá tẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ti ìpamọ́ ni èyí: gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ kí ó gbà. Ilé-ìkàwé ìlú kò lè gba gbogbo rẹ̀. Dandan ni kí ó yàn. Alákòóso tí ó mọṣẹ́ yóò kọ́kọ́ wo àwọn tí ń wọlé wá kàwé. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ àtòjọ àwọn olùtẹ̀wé wò, yóò ka àgbéyẹ̀wò ìwé, yóò gba àbá àwọn òǹkàwé, yóò sì fi gbogbo rẹ̀ wé owó ọwọ́ rẹ̀. Bákan náà ni yóò máa yọ ìwé tí ó ti gbó tàbí tí ìmọ̀ inú rẹ̀ ti di àtijọ́ kúrò.

Kí ló wá gbé ìwé ọgbà òdòdó dé ọ̀dọ̀ wa? Owó ni. Ní 1976, a pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Ní 1991, a yọ Ọ̀ṣun lára Ọ̀yọ́. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti wá owó ìwé tirẹ̀. Láàárín àkókò náà, náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn ètò àtúntò ọrọ̀-ajé 1986, ìwé òkèèrè sì di ọ̀wọ́n gógó. Ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé wá gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀bùn. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Ranfurly Library Service, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954 tí a sì ń pè ní Book Aid International lónìí, ti fi ìwé ran Áfíríkà lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹ̀bùn kò burú. Àmọ́ bí a bá to ẹ̀bùn sórí pẹpẹ láìṣà á, ẹni tí kò mọ̀ wá rí ni ó ti bá wa yan ìwé yẹn.

Ìlànà tún wà fún yíyàn. Ìkéde UNESCO lórí ilé-ìkàwé gbogbogbòò, tí a kọ́kọ́ gbé jáde ní 1949, tí a sì tún ṣe ní 1994 àti 2022, kò fẹ́ kí òṣèlú, ẹ̀sìn tàbí ọjà títà pàṣẹ ohun tí yóò wà lórí pẹpẹ. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún agbègbè Ẹdẹ, níbi tí Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ti ń jọ gbé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yẹ kí ó rí ìwé tiwọn níbẹ̀, kí wọ́n sì lè ka ti ara wọn pẹ̀lú.

Ìdáhùn mi fún ọmọ náà kò gùn: "Bí ìwọ kò bá yàn, ẹlòmíràn yóò yàn fún ọ." Mo ní kí kíláàsì kọ orúkọ ìwé Yorùbá mẹ́wàá tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n sì kọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. *Ògbójú Ọdẹ* ti Fágúnwà, tí ó jáde ní 1938, ni ó ṣáájú. A fi létà tó bọ̀wọ̀ fún àgbà sin àtòjọ náà, a sì gbé e fún alákòóso. Ó ní ọ̀pọ̀ ọdún ni òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò béèrè ìwé Yorùbá lọ́wọ́ òun rí nínú ìwé kíkọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín kọ tiwọn. Alákòóso nìkan ni ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ, ṣùgbọ́n òǹkàwé ni ó mọ ohun tí ebi rẹ̀ ń pa òun.