Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Dò-Re-Mí Yorùbá

Ní ọdún 1842 ni àwọn ajíhìnrere Òyìnbó dé Àgbádárìgì, ìlú tó wà lójú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú Ìjànìkin wa. Nígbà tí a túmọ̀ orin ìwé sí Yorùbá, ohùn orin Òyìnbó ni a fi ń kọ ọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ròkè, orin lè sọ̀kalẹ̀. Ìtumọ̀ a sì dàrú.

T. K. E. Phillips gbìyànjú láti tún un ṣe. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì, ní Máríínà, Èkó, láti 1914 sí 1962. Ó ṣe orin tó bá ohùn ọ̀rọ̀ mu. Ìwé rẹ̀, Yoruba Music, jáde ní 1953. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Fẹlá Ṣówándé ti kọ́ dùùrù.

Lónìí, MuseScore, tí a kì í sanwó fún, ni mo fi ń kọ́ orin. Bí mo bá to nóòtù tán, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ sí mi létí. Mo ṣe orin kan: "Olúwa, mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò." Ó dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n màmá àgbà bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?" Dò-dò ni ẹ̀ṣẹ̀, dò-mí ni mo kọ. Kọ̀ǹpútà kò sọ nǹkan kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká kọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ká tó tẹ nóòtù kan, ká kọ́kọ́ fi ẹnu ara wa pe ọ̀rọ̀ náà.