Dídí Ni Tàbí Lílẹ̀? Ìtàn Ihò Àtijọ́ Lára Ọkọ̀ Fáíbágíláàsì

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí: dí àti lẹ̀. A ń dí ihò, a ń lẹ aṣọ. Ohun tí a fi dí ihò, inú ihò ló ń gbé. Ohun tí a fi lẹ aṣọ, orí ibi tó ya ló ń wà, tí yóò sì kọjá etí ibẹ̀ yí ká. Kì í ṣe ẹjọ́ gírámà lásán ni mo fẹ́ rò. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ ojú omi bá ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, ọkọ̀ rẹ̀ lè rì.

Láyé ọkọ̀ onípákó, dídí ni. Àwọn adíkọ̀ a máa fi òòlù àti irin pẹlẹbẹ gbá òwú, tàbí fọ́nrán okùn àtijọ́ tí wọ́n tú, wọ àárín pákó méjì, wọn a sì fi ọ̀dà gbígbóná bò ó. Bí ọkọ̀ bá dé inú omi, pákó a mu omi, a wú, a sì fún òwú náà pinpin. Ihò róbótó ńkọ́? Èdídí igi ni wọ́n ń gbá sí i, òun náà a sì wú. Igi ń bá adíkọ̀ ṣiṣẹ́.

Fáíbágíláàsì kò níwà bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1938, ilé iṣẹ́ Owens-Illinois àti Corning Glass Works ní Amẹ́ríkà para pọ̀ dá Owens-Corning Fiberglas sílẹ̀, láti máa fa dígí yíyọ́ di fọ́nrán tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ, tí a sì lè hun bí òwú. Ní 1942, Ray Greene, ní ìlú Toledo ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ọkọ̀ kékeré kan láti inú aṣọ dígí tí a fi oje polyester rin. Ní oṣù kìíní ọdún 1959, Clinton àti Everett Pearson, tí wọ́n jẹ́ ìbátan, gbé ọkọ̀ Triton lọ sí ibi àfihàn ọkọ̀ ní New York. Carl Alberg ló ya àwòrán rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 28. Èyí tí wọ́n ṣe ju 700 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ dúró.

Fáíbágíláàsì kì í jẹrà bí igi, ìdí nìyẹn tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ń ti ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Ẹni àkọ́kọ́ a lu ihò fún ẹ̀rọ tí ń wọn ibú omi. Ẹni kejì a yọ ọ́, a lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni kẹta a yọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kúrò, ihò páìpù rẹ̀ a ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá mọ ihò kà lè fi wọ́n ka ìtàn ọkọ̀ bí ẹni ń ka oríkì.

Àṣà ayé igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tọ́jú ihò wọ̀nyí: wọn a ki èdídí igi bọ̀ ọ́, tàbí kí wọ́n rọ oje kún un. Ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ yìí kì í wú kí ó fún ohunkóhun mọ́ra. Ìgbì a máa tẹ̀ ẹ́, ara rẹ̀ a máa rọ̀, a máa nà, títí èdídí náà yóò fi jọ̀wọ́ etí ihò tó dì mú. Bí ihò tó fẹ̀ tó 50 mìlímítà bá sì ṣí sílẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ ojú omi, omi tó ju 200 lítà lè wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan.

Àbùlẹ̀ ní ń mú aṣọ tọ́, ni àwọn àgbà wí. Ẹ rántí pé aṣọ ni ọkọ̀ yìí, aṣọ dígí tó gan! Nítorí náà, aṣọ la fi ń lẹ̀ ẹ́. A ó kọ́kọ́ fi omi tí ń tú ọ̀rá nu ojú ibẹ̀, nítorí bí a bá há a kí a tó nù ún, ìda àti ọ̀rá yóò wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹ̀rọ tí ń yí sándípépà ha etí ihò náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí etí àwo pẹrẹsẹ. (Ẹ bo imú àti ẹnu, eruku dígí kì í ṣe ohun tí a ń fà símú.) Ìwọ̀n tí àwọn oníṣẹ́ ń lò ni 12 sí 1: bí ara ọkọ̀ bá nípọn tó mìlímítà 10, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà yóò gùn tó mìlímítà 120 yí ihò ká. Ihò mìlímítà 25 péré á wá di ojú iṣẹ́ tó fẹ̀ tó mìlímítà 265! Ó máa ń ba àwọn olówó ọkọ̀ lẹ́rù, ṣùgbọ́n fífẹ̀ yẹn gan-an ni agbára rẹ̀.

A ó wá ti pákó tí a fi ọ̀rá wé mọ́ ẹ̀yìn ihò, a ó gé aṣọ dígí róbótó-róbótó, ńlá dé kékeré, a ó sì tò wọ́n lé ara wọn pẹ̀lú oje. Àwọn kan ń fi kékeré síwájú. Èmi fara mọ́ àwọn tó ń fi ńlá síwájú, nítorí ńlá yìí ló di gbogbo etí mú, sándípépà ìkẹyìn kò sì ní gé e.

Oje wo ni ká lò? Polyester tútù máa ń wọnú polyester tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gan, wọn a sì di ọ̀kan. Èyí tó ti gan láti 1960 kò gbàlejò mọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ni tuntun lè rọ̀ mọ́. Epoxy ń lẹ̀ mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, òun ni mo sì fẹ́ fún ihò tó bá wà lábẹ́ omi. Bí ó bá gan, ó lè yọ nǹkan tó ń yọ̀ bí ọṣẹ sójú; omi lásán ni a fi ń fọ̀ ọ́ kúrò kí a tó há a, kí a tó kùn ún ní ọ̀dà. Kí ọkọ̀ tó padà sómi, ẹ fi òòlù kékeré kan àbùlẹ̀ náà jẹ́jẹ́, kí ẹ sì kan ara ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìró méjèèjì bá bára mu, ó ti lẹ̀. Bí ti àbùlẹ̀ bá dún gbọ̀gbọ̀ bí ohun tó ṣófo nínú, ẹ há a kúrò, kí ẹ tún un lẹ̀.