ÌGBỌ̀NSẸ̀ ÀTI ÌLERA WA: OHUN TÍ ÀWỌN ONÍṢÈGÙN TI RÍ NÍNÚ RẸ̀ LÁTI ÌGBÀ PÍPẸ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, àwọn kan lè fọwọ́ bo imú sí i, ṣùgbọ́n kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Nínú oṣù ààwẹ̀ yìí gan-an ni ó máa ń yí padà fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹni tí ó ń yàgbẹ́ ní àràárọ̀ tẹ́lẹ̀ á lo ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta, kò ní rí i yà, nítorí pé omi tí ó ń mu ti dín kù, oúnjẹ díndín sì ti pọ̀ níbi ìṣínu. Kíá, wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n á ránṣẹ́ sí alágbo. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ìtàn ná.

Wíwo ìgbẹ́ láti fi mọ àìsàn kì í ṣe nǹkan tuntun. Ibn Sina, oníṣègùn ńlá tí ó kú ní 1037, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Al-Qanun, pé kí oníṣègùn wo bí ìgbẹ́ ti pọ̀ tó, àwọ̀ rẹ̀, bí ó ti le tàbí bí ó ti rọ̀ tó, àti ìgbà tí ó ń jáde.

Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ náà a máa ṣìnà. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé sẹ́yìn, oníṣẹ́ abẹ olókìkí kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Sir William Arbuthnot Lane. Ó gbà pé ìgbẹ́ tí ó bá pẹ́ nínú ìfun ń tú májèlé sínú ẹ̀jẹ̀, àti pé òun ni ó ń fa àìsàn oríṣiríṣi. Kí ni ó wá ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí gé ìfun ńlá àwọn ènìyàn kúrò! Àwọn kan kú níbẹ̀. Ní 1913, àwọn oníṣègùn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní Royal Society of Medicine, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ta kò ó. Nígbà tí ó yá, Lane fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó wá ń wàásù èso, ewébẹ̀, àti búrẹ́dì tí a kò yọ èérí àlìkámà rẹ̀. Àwa náà ńkọ́? Ẹni tí ń sọ pé dandan ni kí a máa fi àgbo fọ inú lóṣooṣù, èrò Lane ni ó ń sọ, bí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní 1965, wọ́n bi àwọn ènìyàn tí ó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ léèrè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni ó ń yàgbẹ́ láàárín ìgbà mẹ́ta lóòjọ́ sí ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò yà ní àràárọ̀ kì í ṣe aláìsàn.

Ẹni tí ó wá la ọ̀nà fún wa ni Denis Burkitt, ọmọ ilẹ̀ Ireland. Olójú kan ni. Láti kékeré ni ojú kejì ti fọ́. Ó ṣiṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn Mulago, ní Kampala, Ùgáńdà. Jẹjẹrẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé tí ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1958 ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè kan kò jẹ́ kí ó sinmi: kí ló dé tí àìrígbẹ́yà, wíwú appendix àti jẹjẹrẹ ìfun ńlá kún ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀, tí òun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí wọn ní Ùgáńdà? Dọ́kítà ọmọ ogun ojú omi kan, Cleave, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé èérí ọkà tí à ń sẹ́ dànù àti ṣúgà àpọ̀jù ni ó fà á.

Burkitt àti Alec Walker tí ó wà ní South Africa wá bẹ̀rẹ̀ sí wọn ìgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní hóró ike kéékèèké gbé mì, wọ́n gba ìgbẹ́ wọn sínú ọ̀rá, wọ́n sì fi X-ray wò ó láti mọ ìgbà tí hóró náà jáde. Ìwé ìròyìn The Lancet tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1972. Àwọn ará abúlé ní Ùgáńdà: oúnjẹ ń lo nǹkan bí wákàtí 36 nínú wọn, ìgbẹ́ òòjọ́ wọn sì jẹ́ gíráámù 470. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìyàwó wọn: wákàtí 83, gíráámù 104 péré. Burkitt ní fáíbà ni ìyàtọ̀ náà, ìyẹn ohun inú ẹ̀wà, ewé, èso àti èèpo ọkà tí kì í dà nínú ikùn, tí ó ń fa omi mọ́ra, tí ó sì ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó dúró. Àwọn tí ó dé ilé ìwòsàn nìkan ni ó ń rí, jẹjẹrẹ ìfun sì wọ́pọ̀ jù lára àgbàlagbà. Ẹran, ọ̀rá, sìgá àti ọtí náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ní 2015, O'Keefe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ohun kan tí ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n mú ogún ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà àti ogún ará abúlé ní South Africa, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ara ìfun àwọn ará Amẹ́ríkà rọlẹ̀. Ti àwọn ará abúlé tí ń jẹ ẹran àti ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí fi àmì ewu hàn. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwa tí a ń fi búrẹ́dì funfun àti indomie rọ́pò ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ńkọ́?

Ibi tí ó ká mi lára jù nìyí. Bí a bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, orúkọ kan ṣoṣo tí a ní fún un ni jẹ̀díjẹ̀dí. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ iṣan ìdí tí ó wú lásán. Ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, èyí tí ó ṣeé gé kúrò bí a bá tètè rí i. Ọ̀pọ̀ aláìsàn yìí ní Nàìjíríà ni kì í dé ọ̀dọ̀ dọ́kítà àfi ìgbà tí ó bá ti ràn kálẹ̀, lẹ́yìn ìgò àgbo tí kò lóǹkà. Bí ìgbẹ́ bá yí padà tí ó sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, bí ó bá dúdú bí ọ̀dà, bí ẹ bá ń rù láìnídìí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, kódà nínú ààwẹ̀. Bí ojú bá sì ń tì yín láti ṣàlàyé, láti 1997 ni Lewis àti Heaton ní Bristol ti ya irú ìgbẹ́ méje sórí ìwé kan, láti orí èyí tí ó le bí ẹ̀pà dé orí èyí tí ó jẹ́ omi lásán. Ẹ sọ pé kí dọ́kítà fi ìwé náà hàn yín, kí ẹ fi ìka tọ́ka sí tiyín, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.