Láti Orí Ẹ̀rín Dé Orí Ìbéèrè: Bí Sinimá Ṣe Wọ Ìtọ́jú Ọkàn

Ní 1916, nígbà tí sinimá kò tíì ní ohùn, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé sì kà á sí eré lásán, Hugo Münsterberg, ará Jámánì tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Yunifásítì Harvard, kọ odindi ìwé lé e lórí. Ó ní bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni sinimá náà ń ṣiṣẹ́: bí kámẹ́rà bá sún mọ́ nǹkan, bí ojú inú ṣe ń tẹjú mọ́ ọ nìyẹn; bí àwòrán bá padà sí àná, ìrántí ni. Ó kú lọ́dún náà gan-an.

Aláìsàn ló sún ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ní 1964, àìsàn dá Norman Cousins, olóòtú ìwé ìròyìn Saturday Review ní Amẹ́ríkà, dùbúlẹ̀. Oríkèé ara rẹ̀ gan, ìrora kò jẹ́ kó sùn. Ó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀, ó gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, dókítà rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sinimá wá, ó ń wo eré àwọn aláwàdà Marx Brothers. Ó ní bí òun bá rín ẹ̀rín àrìntàkìtì fún ìṣẹ́jú 10, òun á sùn fún wákàtí 2 láìmọ ìrora. Ó kọ ìtàn náà sínú New England Journal of Medicine ní 1976. N kò ní sọ pé ẹ̀rín nìkan ló wò ó sàn, nítorí ó ń gba fítámì C pẹ̀lú. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí kò lè gbójú fo ohun tó sọ.

Nílẹ̀ wa náà, ẹ̀rín bá ọ̀rọ̀ ọkàn wọ sinimá. Moses Ọláìyá, aláwàdà tí a mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde ní 1982: ìtàn ọkùnrin tí wọ́n lù ní jìbìtì títí ó fi fẹ́ pa ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kì í fẹ́ dá sílẹ̀ nínú ilé ni àwọn òǹwòran jókòó gbọ́ ní gbọ̀ngàn, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ọdún 1998 ni ilẹ̀kùn ìwádìí ṣí gan-an. Martin Seligman, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ké sí wọn pé kí wọ́n yé wo àìsàn nìkan, kí wọ́n wo ohun tó ń gbé ènìyàn ró. Lọ́dún kan náà, Barbara Fredrickson àti Robert Levenson fi fíìmù dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá fi òmíràn hàn wọ́n. Àyà àwọn tó wo èyí tó pani lẹ́rìn-ín tàbí tó fini lọ́kàn balẹ̀ tètè rọlẹ̀ ju ti àwọn tó wo èyí tó bani nínú jẹ́. Nígbà tó fi di 2008, Ryan Niemiec àti Danny Wedding ti kọ ìwé tó ń fi fíìmù ṣàlàyé àwọn ìwà rere 24 tí Seligman àti Christopher Peterson tò sílẹ̀ ní 2004.

Ìwádìí tó wú mi lórí jù wá láti Yunifásítì Rochester, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013. Ronald Rogge àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tọkọtaya tuntun 174 jọ. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ọgbọ́n ìgbéyàwó. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn kàn máa wo fíìmù kan lọ́sẹ̀ fún oṣù kan, kí wọ́n sì jíròrò lé e lórí. Lẹ́yìn ọdún 3, ìdá 24 nínú 100 àwọn tí a kò ṣe nǹkan kan fún ti tú ká. Nínú àwọn tó gba ẹ̀kọ́, ìdá 11 ni. Nínú àwọn tó wo fíìmù náà, ìdá 11 ni. Mo gbà pé àwọn ìbéèrè inú ìjíròrò náà ló ṣe iṣẹ́ yìí: ṣé bí tọkọtaya inú fíìmù ṣe ń jà ni àwa náà ṣe ń jà? Ta ló kọ́kọ́ tọrọ àforíjì? Ọ̀pọ̀ ilé wa ló ń wo fíìmù lálaalẹ́ láìbi ara wọn ní ìkankan nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.