Ta Ló Ń Yan Ẹni Tí Yóò Jẹ́ Iwin?

Ní ọdún 1938 ni D. O. Fágúnwà gbé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Iwin kún inú ìwé náà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni akọni rẹ̀. Nígbà tó di 2009, Capcom ti ilẹ̀ Japan gbé géèmù Resident Evil 5 jáde. Kijuju, ìlú àfinúrò kan ní Áfíríkà, ni ìtàn náà ti wáyé: ará ìlú ló di abàmì, ará Amẹ́ríkà ló ń yìnbọn pa wọ́n, bí obìnrin Áfíríkà kan tilẹ̀ ń bá a rìn. Láti 2007 ni àríwísí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ géèmù kò wọ́n ní Computer Village, Ìkẹjà. Géèmù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ìtàn ló ń yan ẹni tí yóò jẹ́ iwin. Ìgbà wo ni Àkàrà-Oògùn yóò wọ inú ẹ̀rọ náà?